Níbo lẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ àti káàdì yín sí bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò?

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti ń retí ọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tàbí nípa àìsàn. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré ni mo gbé wá lónìí. Ibi tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ àti káàdì sí bí a bá jáde nílé ni. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Ìyá àgbà kan ní Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ló béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìyá yìí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ọba, ó sì fẹ́ mú ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń wọ̀ fún ìgbafẹ́, tí wọ́n á máa sùn, tí wọ́n á máa jẹun nínú rẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ náà ti ṣàlàyé fún ìyá lórí fóònù pé kò sí kọ́kọ́rọ́ onírin nínú ọkọ̀ náà. Káàdì pẹlẹbẹ kan bíi káàdì ATM ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá wọn. Òun náà ni wọ́n á máa fi hàn bí wọ́n bá ń jáde àti bí wọ́n bá ń wọlé. Òun náà ni wọ́n á máa fi ra ohun tó bá wù wọ́n.

Inú ìyá dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kọ́kọ́rọ́ ilé mi tí mo so mọ́ ìṣẹ́tí ìró ló já bọ́ sómi lọ́jọ́ tí mo ti Ìgbòkòdá wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Níbo wá ni màá fi káàdì sí lórí òkun?"

Mo bi ìyá pé kí ni wọ́n ṣe nígbà tí kọ́kọ́rọ́ náà já bọ́. Wọ́n ní àwọn bẹ̀rẹ̀, àwọn fẹ́ fọwọ́ gán an kó tó rì. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn wọn ló fa ìró wọn padà. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n lè ṣe òmíràn lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ni wọ́n fẹ́ torí rẹ̀ bómi lọ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ kékeré ni, káàdì kékeré ni, ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ sọnù, ara kì í gba ọgbọ́n mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká ti mọ ibi tí a ó fi sí kí a tó jáde nílé. Yálà Òkìtìpupa lẹ̀ ń lọ o, yálà òkun ńlá lẹ̀ ń lọ o, ìlànà kan náà ni.

OHUN MẸ́TA TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ GBÀGBÉ

Èkíní, ara ni kí ohun tó ṣe pàtàkì wà, kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe inú báàgì tí ẹ lè gbé kalẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì arìnrìn-àjò níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọwọ́ ni ẹ ó fi di ọkọ̀ mú, ọwọ́ ni ẹ ó fi di ọmọ mú, ọwọ́ náà ni ẹ ó fi gbára lé ilẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ ṣubú. Ẹni tó fi ọwọ́ kan mú kọ́kọ́rọ́, tó fi ìkejì mú fóònù, kò ní ọwọ́ kankan mọ́.

Èkejì, ibi gbígbẹ ni kó wà. Òógùn, omi òjò àti omi iyọ̀ kì í jẹ́ kí irin pẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí káàdì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ wà pẹ̀lú àṣírí rẹ̀. Àṣírí káàdì ATM ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń gbowó. Àṣírí káàdì yàrá ni nọ́ńbà yàrá náà. Àṣírí kọ́kọ́rọ́ ilé ni àdírẹ́sì ilé. Bí olè bá rí ọ̀kan láìrí ìkejì, iṣẹ́ kò tíì parí fún un. Bó bá rí méjèèjì pa pọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

ÌṢẸ́TÍ ÌRÓ, KỌ́MÚ ÀTI TÒBÍ

Àwọn ìyá wa kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń fi owó sí. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́tí ìró dára fún owó díẹ̀ tí ẹ fẹ́ ná láìpẹ́. Ṣùgbọ́n kò dára fún kọ́kọ́rọ́. Irin wúwo, ó máa ń yọ̀ bọ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú kókó, pàápàá bí aṣọ bá jẹ́ aṣọ tó ń dán. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gun ọ̀kadà, kókó tó wúwo ní etí ìró lè fa aṣọ lọ sínú táyà tàbí sínú ṣéènì. Bí ìró bá wé mọ́ táyà lórí eré, ilẹ̀ ló ń gbé èèyàn sí.

Kọ́mú wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń kó owó, káàdì, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù síbẹ̀. Olè kì í tètè fọwọ́ kan ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyà máa ń làágùn. Òógùn náà ló ń rin owó, tó sì ń ba ojú irin pẹlẹbẹ tó wà lára káàdì jẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ́kọ́rọ́ àti owó onírin ló ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì nínú. Ara àwọn mìíràn kì í gbà á. Ibi tó bá ti ń kan ara wọn á pọ́n, á máa yún wọn, á sì lé. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lábẹ́ ọmú yín, ẹ kọ́kọ́ yí ibi tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ sí padà kí ẹ tó máa ra ìpara kiri. Bí kò bá lọ, tàbí tí ẹ bá fọwọ́ kan kókó kankan níbẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Owó tó ti ọwọ́ ẹlẹ́ja bọ́ sọ́wọ́ alápatà, tó ti ibẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú tí ọmọ fẹ́ mu. Bí ẹ bá ti fi owó síbẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ nu ọmú, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ.

Ní tèmi o, tòbí ló borí gbogbo wọn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ̀ pé aṣọ abẹ́ ìró tó ní àpò ni. Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ mú àǹkárá tó ṣẹ́kù lára aṣọ tí ẹ rán. Ẹ gé e kó fẹ̀ tó íǹṣì márùn-ún, kó gùn tó íǹṣì mẹ́fà. Káàdì kò fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà yóò wọ ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ rán an mọ́ inú yẹrì yín níwájú ikùn, ẹ má rán an sí ẹ̀gbẹ́, torí ẹ̀gbẹ́ ni ọwọ́ jáwójáwó ti máa ń wọlé. Ẹ rán síìpù sí ẹnu rẹ̀. Ẹ wá so okùn tó lágbára mọ́ inú àpò náà, kí ẹ sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ orí okùn. Ẹ jẹ́ kó gùn débi tí kọ́kọ́rọ́ á fi dé ojú ihò ilẹ̀kùn láìjẹ́ pé ẹ tú u. Bí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín báyìí, ara yín náà ló máa rọ̀ mọ́.

Ẹ̀YIN ỌKÙNRIN, Ẹ YỌ Ọ́ KÚRÒ LÁPÒ Ẹ̀YÌN

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbà pé wọ́lẹ́ẹ̀tì kò níbòmíràn ju àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò lọ. Wọn á ki káàdì ATM, káàdì ìdìbò, ìwé ọkọ̀, rìsíìtì ọdún tó kọjá àti owó bọ inú rẹ̀, á wá nípọn bíi búrẹ́dì. Wọn á sì jókòó lé e láti Òkìtìpupa dé Èkó.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣan-ara ńlá kan wà tó ti ẹ̀yìn ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Bí ohun líle bá ń tì í ní ìdí ẹ̀gbẹ́ kan fún wákàtí púpọ̀, ìdí á máa ro èèyàn, ẹsẹ̀ á máa kú tipiri, ìrora á máa sáré láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ọdún 1978 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń pè ní JAMA. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo jẹ̀díjẹ̀dí, tó ń mu àgbo kiri, wọ́lẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ yọ kúrò nídìí. Bí ẹ bá yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí ìrora náà kò lọ, tàbí tí ẹsẹ̀ kò bá lágbára mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àpò iwájú ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá ń wọ bùbá àti ṣòkòtò, ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán àpò kékeré onísíìpù sí inú ṣòkòtò níbi ìbàdí. Ẹ má sì gbé gbogbo káàdì yín jáde. Èyí tí ẹ fẹ́ lò lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ mú.

OKÙN ỌRÙN, ẸNU, ÀTI ÀWỌN ỌMỌ KÉKERÉ

Bí òbí bá ń pẹ́ kó tó ti oko tàbí ọjà dé, ó máa ń so kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn ọmọ kí ó lè wọlé bó bá ti iléèwé dé. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n okùn tí kì í já léwu lọ́rùn ọmọ. Ọmọ á gun igi máńgòrò, okùn á kọ́ ẹ̀ka. Ọmọ á sáré, ẹlòmíràn á fà á lẹ́yìn. Bí okùn kò bá já, ọrùn ló ń fún. Ẹ gé okùn náà sí méjì lẹ́yìn ọrùn, kí ẹ fi bọ́tìnì àtẹ̀mọ́ kékeré so ó pọ̀, èyí tó máa tú fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá fà á. Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ so kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Àgbàlagbà tó ń fi káàdì ibi iṣẹ́ kọ́rùn náà gbọ́dọ̀ bọ́ ọ bó bá fẹ́ súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń yí, irú bí ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ tàbí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ dákun, ẹ yé fi ẹnu mú kọ́kọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ẹrù ló kún ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Bí ọ̀kadà bá fò sínú kòtò lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wà láàárín eyín lè bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun.

Èyí tó bani lẹ́rù jù ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò òde òní tó ní bọ́tìnì tí a ń tẹ̀. Bátìrì róbótó pẹlẹbẹ bíi owó kọ́bọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ ń sunkún, a ó gbé e fún un kó fi ṣeré. Bí ọmọ bá gbé irú bátìrì bẹ́ẹ̀ mì, tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran inú ọ̀fun náà láàárín wákàtí méjì péré. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì, ẹ má sì dúró pé yóò bá ìgbẹ́ jáde. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò inú ara ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní irú bátìrì náà nílé, ẹ mú ọ̀kan dání kí dókítà lè rí i.

LÓRÍ Ọ̀KADÀ ÀTI NÍNÚ ỌKỌ̀ OJÚ OMI

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Àjàgbà àti àwọn ìlú tó yí i ká jáde lọ sí Òkìtìpupa, ọ̀kadà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ kó owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ má baà máa tú àpò gbogbo síta lójú ọ̀nà láti san ọgọ́rùn-ún náírà díẹ̀. Ẹ ká ìró mọ́ abẹ́ itan. Báàgì kí ó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń wa ọ̀kadà, kó má rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè já a gbà. Ẹni tí olè já báàgì rẹ̀ gbà lórí ọ̀kadà, ìṣubú ló sábà máa ń pa á lára ju báàgì tó lọ.

Ní Ìgbòkòdá, níbi tí àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, èyí tí wọ́n ń pè ní láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi í jókòó, ẹ má sì kàn gbé e lé itan. Ẹ dè é pinpin. Kọ́kọ́rọ́ àti káàdì yín gbọ́dọ̀ ti wà nínú àpò abẹ́ aṣọ kí ẹ tó dè é. Ẹ má so wọ́n mọ́ ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀, torí ẹ ó dá a padà fún ọlọ́kọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ló sì ti gbàgbé ohun ìní rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ fi káàdì àti fóònù sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, ẹ dè é, kí ẹ tún fi sínú ọ̀rá kejì, kí ẹnu èkíní kọjú sí ìsàlẹ̀. Ní ti kọ́kọ́rọ́, ẹ wo ohun tí àwọn apẹja ń ṣe. Wọ́n máa ń so igi fúyẹ́ tàbí ike mọ́ etí àwọ̀n kó má baà rì. Ẹ̀yin náà lè so irú rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́. Ẹ bu omi sínú abọ́ nílé, ẹ jù ú sínú rẹ̀. Bó bá léfòó, ó dára. Bó bá rì, ẹ fi kún igi náà.

Ṣùgbọ́n bó ti wù kó rí, bó bá já bọ́ sómi, ẹ jẹ́ kó lọ! Ẹ má bẹ̀rẹ̀, ẹ má dìde dúró nínú ọkọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Ẹni kan tó dìde lójijì lè da gbogbo èrò inú ọkọ̀ sómi.

KÁÀDÌ INÚ ỌKỌ̀ ÌGBAFẸ́

Ó wá kan ìyá wa tó ń lọ sórí òkun. Southampton ni ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ni Titanic ti gbéra ní April 1912. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ á ya fọ́tò yín, wọ́n á sì fún yín ní káàdì. Bí ẹ bá ń jáde lọ wo ìlú kan, wọ́n á fi ẹ̀rọ wo káàdì náà, fọ́tò yín á sì yọ. Bí ẹ bá padà dé, bákan náà ni. Owó ohun tí ẹ bá rà nínú ọkọ̀ á máa lọ sórí àkáǹtì káàdì yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ti kúrò lórí káàdì lásán. Princess Cruises bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun róbótó kan lọ́dún 2017, èyí tí èèyàn lè fi kọ́rùn tàbí kó dè é mọ́wọ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí bí onítọ̀hún bá ti súnmọ́ ọn.

Ìyá, àpò inú yẹrì tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan yẹn tó fún yín. Bí kíkó káàdì jáde nígbà gbogbo bá ni yín lára, ẹ ra ike tó mọ́ gaara tí a ń ti káàdì bọ̀, èyí tó ní okùn ọrùn tó lè tú fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi kọ́rùn, ẹ ti ike náà bọ abẹ́ bùbá kó má baà kọ́ ara ilẹ̀kùn tàbí àga. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan gbígbóná lu káàdì náà kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Okùn wáyà tín-ín-rín kan wà nínú ọ̀pọ̀ káàdì òde òní tó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Bó bá já, káàdì ti di ike lásán. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò síbi tí kò léwu. Ẹ bi wọ́n.

Ẹ má kó o pọ̀ mọ́ fóònù, pàápàá bí àpò fóònù yín bá ní òòfà tó fi ń pa dé. Bí káàdì òtẹ́ẹ̀lì tàbí ti ọkọ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn, ohun tí wọ́n kọ sínú ìlà náà kò lágbára tó ti káàdì báńkì. Òòfà kékeré lè pa á rẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bi yín, ẹ kàn padà sọ́dọ̀ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún un ṣe.

Ẹ má kọ nọ́ńbà yàrá sára káàdì. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kékeré tí ẹ ó fi sínú bàtà tàbí gèlè, kí ọmọ yín náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ má pariwo rẹ̀ níbi tí èrò wà. Páásípọ́ọ̀tù kí ó wà nínú àpótí irin kékeré tó wà nínú yàrá, àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ mú un dání. Bí káàdì bá sọnù, ẹ má dákẹ́ torí ìtìjú. Ẹ lọ sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á pa ti àtijọ́, wọ́n á fún yín ní tuntun.

Ohun kan tún wà lára ọ̀pọ̀ káàdì yìí tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ibi tí ẹ máa péjọ sí bí ewu bá dé ni. Ní January 13, 2012, ọkọ̀ Costa Concordia forí sọ àpáta létí òkun Ítálì, èèyàn 32 ló kú. Àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì ṣe ìdánrawò ohun tí wọ́n máa ṣe. Láti ọdún 2015 ni òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan pé kí ìdánrawò náà wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí gẹ́lẹ́ tó bá gbéra. Ẹ lọ síbẹ̀ o, ìyá. Bí fèrè bá dún lóòótọ́, ẹ má padà sí yàrá lọ wá báàgì. Káàdì tó wà lára yín ti tó.

BÍ KÁÀDÌ ATM BÁ SỌNÙ

Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni àwọn báńkì wa ti ń fún wa ní káàdì tó ní irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ wúrà lójú. Ó ṣòro fún olè láti ṣe àdàkọ rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ànfààní rẹ̀ bí a bá kọ nọ́ńbà àṣírí sórí ìwé tí a sì ká a mọ́ káàdì? Àwọn àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìgbàgbé. Ẹ fi nọ́ńbà náà sọ́dọ̀ ọmọ kan tí ẹ gbọ́kàn lé, ẹni tí kì í bá yín gbé káàdì jáde. Ẹ má sọ ọ́ sókè fún àwọn oní-POS, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì bò ó.

Lónìí gan-an, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù báńkì yín sórí ìwé kan nílé, kí ẹ sì fi sínú fóònù ẹlòmíràn nínú ẹbí. Nítorí bí olè bá kó báàgì, fóònù àti káàdì ló jọ ń lọ. Ẹ pe báńkì kí wọ́n ti káàdì àti àkáǹtì pa. Ẹ pe iléeṣẹ́ fóònù kí wọ́n ti líìnì pa. Lẹ́yìn náà lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ronú ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ fún ìwé ẹ̀rí. Ẹ ní nọ́ńbà NIN yín lákọsílẹ̀ nílé, wọn á bi yín kí ẹ tó gba líìnì padà.

ÌWÉ PÉLÉBÉ KAN TÓ LÈ GBA Ẹ̀MÍ YÍN LÀ

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ ká fi ohun kan kún ohun tó wà nínú àpò. Ẹ gé ìwé líle tó tóbi tó káàdì. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì tó sún mọ́ yín, irú ẹ̀jẹ̀ yín, àìsàn tí ẹ ń tọ́jú bí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, oògùn tí ẹ ń lò, àti oògùn tí ara yín kì í gbà. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé sí i, torí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá bò ó.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀, ìwé yìí ló máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Olóòtọ̀ ṣúgà tó dákú lójú ọ̀nà, ọ̀mùtí ni àwọn èèyàn máa ń pè é, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìwé kékeré kan ló lè yí i padà.

Mo ti ka gbogbo èyí fún ìyá ní Àjàgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn á tún tòbí ìyá àwọn ṣí jáde nínú àpótí. Wọ́n ní, "Nítorí náà, àpò tí ìyá mi fi ń lọ ọjà ni màá fi lọ sórí òkun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Kí wọ́n sì rántí pé bí káàdì bá bọ́ sí òkun, ojú ni kí wọ́n fi sìn ín.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó jáde lọ́la, ẹ fọwọ́ kan ara yín wò. Kọ́kọ́rọ́ dà? Káàdì dà? Ṣé ọwọ́ méjèèjì ṣófo? Bó bá ṣófo, ẹ máa lọ, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.